Òtútù Tí Mo Dá Sílẹ̀ ní Sharjah

Ọdún tí bàbá mi sọ fún àwọn olówó ẹṣin pé òtútù ńlá kan ń bọ̀, tí òtútù náà kò sì wá, èmi ni mo fà á. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ ìtàn náà tán, ẹ̀rín á ti máa pa ẹni tó ń kà á, èmi náà á sì gba ẹ̀yìn ẹ̀rín yọ́ lọ. Mo yọ wáyà iná kan lára ògiri nítorí fóònù tí mo fi ń ṣe géèmù. Ìyẹn ṣì kéré. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ ohun tí wáyà yẹn ń ṣe. Èyí tó burú ni pé ọjọ́ dé tí mo mọ̀, ẹnu mi sì wà níbẹ̀, ìrẹsì ni mo fi ń jẹ.

Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé ní àdúgbò Al Qasimia ní Sharjah, nínú ilé kan tí líífìtì rẹ̀ máa ń ké bí ewúrẹ́ bó bá ti ń gòkè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni àdúrà Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó wá kí wa láti Ìlọrin lọ́dún náà. Àdúrà rẹ̀ gùn. Ó máa ń dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá sì dé orí tèmi, á dúró díẹ̀, á mí kanlẹ̀, kó tó máa bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkòkò àwọn ará Pakistan tó wà lódìkejì á fọn fèrè, maṣíìnì ìránṣọ màmá mi á sì dá a lóhùn, nítorí inú pálọ̀ ni màmá mi ti ń bá àwọn obìnrin àdúgbò gé àbáyà tó bá gùn jù. Bàtà bàbá mi kì í wọlé ní tirẹ̀. Orí bákónì ló ń sùn, èmi ni mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ìgbẹ́ ẹṣin kúrò nídìí rẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní àkàrà àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ paratha. Gbogbo ilé náà ló mọ iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe láìbéèrè. Bó bá ti wọ líífìtì, àwọn èèyàn á máa wo òkè bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà, wọ́n ń fi ọgbọ́n di imú. Ìjà Ìyá Àgbà pẹ̀lú AC kò sì tán títí ó fi lọ. Bó bá jáde, ó ní oòrùn fẹ́ yan òun. Bó bá wọlé, ó ní a fẹ́ tọ́jú òun pamọ́ bí ẹja inú fíríìjì. Súwẹ́tà, sọ́ọ̀kì àti gèlè méjì ló máa ń wọ̀ jókòó sí pálọ̀. Á pe bàbá mi: “Jímọ̀, ṣé o ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n da méjèèjì pọ̀?”

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹṣin ni bàbá mi ń ṣe. Ní Ìlọrin, ilé tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ń so àwọn ẹṣin tí wọ́n ń gùn lọ́jọ́ Iléyá mọ́, nítorí náà, nígbà tó dé Sharjah tí wọ́n ní kó wá máa kó ìgbẹ́ ní ilé ẹṣin kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ìjánu. Kì í ṣe ilé ẹṣin àwọn ọlọ́rọ̀ ńlá. Àwọn olówó ẹṣin bíi mélòó kan ló jọ dá a pọ̀, kálukú so tirẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì wá nírọ̀lẹ́ láti mu karak, tíì oníwàrà wọn yẹn, kí wọ́n sì máa jiyàn. Ọ̀gá oníjiyàn ni Abu Saif, ọmọ onílùú, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó ní abo ẹṣin funfun kan tó ń jẹ́ Najma. Ọ̀gá Túndé tún wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Dubai. Ó ra akọ ẹṣin dúdú kan, ó sọ ọ́ ní Senator, àmọ́ ẹ̀rù kì í jẹ́ kó gùn ún. Ó kàn máa ń dúró tì í ya fọ́tò ni.

Lọ́dún náà, olórí àwọn olùtọ́jú ẹṣin ti padà sí Sudan, àwọn olówó ẹṣin sì ń wò ó bóyá bàbá mi ni kí àwọn fi sí ipò rẹ̀. Nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ipò lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé, visa rẹ̀ àti tèmi fẹ́ bá a lọ, owó oṣù olùtọ́jú lásán kò sì tó láti gbé wa sórí visa bàbá mi. Bó bá di olórí, a jọ wà níbẹ̀. Bí kò bá dì í, èmi àti màmá mi ń padà sí Ìlọrin, òun nìkan á kù síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń mú ẹṣin lọ síbi ìdíje ẹwà máa ń ṣe. Bí ooru bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, ara ẹṣin á mọ̀ pé ìgbà òtútù ń bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun gígùn. Kò sí adájọ́ tó fẹ́ rí ẹṣin tó nírun bí àgùntàn, nítorí náà wọ́n á gbé iná sókè orí rẹ̀, á máa tàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹṣin lè rò pé ọjọ́ ṣì gùn. Irun rẹ̀ á wà ní kúkúrú, á máa dán. Najma ni wọ́n gbé iná lé lórí, nítorí ìdíje kan tó ti wà lẹ́nu Abu Saif láti èṣín. Iná náà máa ń tàn fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ bá ti gbé bàbá mi lọ sílé. Ọlọ́dẹ nìkan ló ń kù, ọlọ́dẹ náà sì ń bẹ̀rù ẹṣin, ẹnu géètì ló ń jókòó sí. Ìyá Àgbà bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì ṣàlàyé iná náà fún un. Ó wo Najma, ó wo iná, ó ní, “Ẹ ò jẹ́ kí ẹran sùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀daràn nìyẹn.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lópin ọ̀sẹ̀, bàbá mi máa ń mú mi dání. Iṣẹ́ mi ni pé kí n gé kárọ́ọ̀tì, kí n má sì dúró sẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí mo bá ti ṣe méjèèjì, ó ku fóònù àtijọ́ màmá mi, tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ihò iná kan ṣoṣo tí mo rí ni èyí tó wà nísàlẹ̀ ògiri lẹ́yìn àpò koríko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Najma, tí èèyàn ní láti rákò kó tó lè dé ibẹ̀. Wáyà kan wà nínú rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo ki tèmi bọ̀ ọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fọn fèrè, mo já tèmi gbà, mo sá. Nígbà tí mo tún padà lọ, mo bá ihò náà lófìfo, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi àyè sílẹ̀ fún mi.

Kò pẹ́ tí Najma fi bẹ̀rẹ̀ sí í hurun. A ń jẹun lọ́jọ́ tí bàbá mi sọ ọ́ fún wa. Bíríyánì ni, èyí tí ìyàwó ará Pakistan gbé wá, tí Ìyá Àgbà ti lọ ata rodo sí, ó ní kó lè mọ̀ pé oúnjẹ lòun.

Bàbá mi ní, “Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Iná ń tàn lé e lórí lálaalẹ́, síbẹ̀ ó ń hurun bí àgbò. Ẹ bá mi rò ó. Òtútù tó lè borí iná báyìí, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó?”

“Háà,” màmá mi ní.

Ìyá Àgbà ní orúnkún òun náà ti ń sọ nǹkan láti ọjọ́ mẹ́ta. Ihò iná yẹn wá sí mi lójú, lófìfo, ìrẹsì sì gba ibi tí kò yẹ lọ. Mo wúkọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Bàbá mi gbá mi lẹ́yìn, ó ní, “Pẹ̀lẹ́. Ẹ wò ó, òtútù ti mú tiẹ̀.” Ìyá Àgbà ò sọ pẹ̀lẹ́. Ó kàn ń wò mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í run mí lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò fẹ́ dé ilé ẹṣin mọ́. Ó yẹ kí n lọ dá wáyà náà padà, ìyẹn yé mi, ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí irun bá ṣàdédé dúró, wọ́n á béèrè ìdí. Ìyá Àgbà sì ní àgbo kan tó gbé wá láti Ìlọrin nínú ike, ó dúdú, ó korò débi pé etí mi ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó bu ife kan fún mi. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì ó di ife méjì. Nígbà tó di ìkẹta, ó gbé ike náà kalẹ̀ síwájú mi tòun ti ìdérí, ó jókòó.

“Ọkọ mi, kí lo bà jẹ́ níbẹ̀?”

Mo sọ fún un. Ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó sinmi, ó ní, “Sọ fún bàbá ẹ lálẹ́ òní. Èmi ò ní bá ẹ sọ ọ́.”

Mo ní, “Lọ́la, mà.” Ọ̀la ń dé, mo ń sún un.

Lọ́dọ̀ àwọn olówó ẹṣin, bàbá mi ti di ẹni tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá sọ ọ́ nílé, tó ń fi ohùn kálukú sọ ọ́, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ó ti gbà wọ́n níyànjú pé kí ẹnikẹ́ni má fá irun ẹṣin rẹ̀ lọ́dún yẹn, kí kálukú wá kúbùsù tó nípọn. Abu Saif gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

“Jumaa,” bó ṣe ń pe bàbá mi nìyẹn, “ibí ni wọ́n bí mi sí. Òtútù ibí ò ju súwẹ́tà kan lọ, a sì máa ń bọ́ ọ bó bá di ọ̀sán.”

“Ẹ wo irun Najma.”

“Mo rí i. Irùngbọ̀n tèmi náà gùn, kò sọ fún mi rí pé òjò máa rọ̀.”

Àwọn tó kù lu itan. Ẹnì kan béèrè bóyá kí àwọn ra ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ẹṣin. Òmíràn ní òun máa gbé sítóòfù síwájú tòun, kí ó máa yáná, kí ó sì máa dáná fún òun, habibi. Ọ̀gá Túndé nìkan ló dìde.

“Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ará ilé ni wá, mi ò lè jókòó síbí kí wọ́n máa fi yín rẹ́rìn-ín. Senator máa wọ kúbùsù. Kódà, ẹ rán méjì.”

Bí ilé wa ṣe di ibi ìránṣọ ẹṣin nìyẹn. Màmá mi lọ sí ọjà Deira ní Dubai, ó já àárín àwọn oníṣòwò wa tó ń di ẹrù lọ sí Lagos, ó ra kúbùsù tó nípọn bí ibùsùn, ó sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì padà, ẹrù lórí ìjókòó, òun lórí ìdúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìwọ̀n. Bàbá mi mọ ìwọ̀n Senator lójú, kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó wo tábìlì ìjẹun wa yípo, ó ní gíga rẹ̀ ò burú, kí n gun orí rẹ̀ kí n fi ọwọ́ àti orúnkún dúró. Ìyá Àgbà di ìgbálẹ̀ mú síwájú mi, ìyẹn ni ọrùn. Màmá mi ń rìn yí mi ká, pín-ìn-nì kún ẹnu rẹ̀.

“Àyà Senator fẹ̀ jù báyìí lọ,” bàbá mi ní. “Ràṣídì, mí sínú.”

Mo mí sínú. Ìyá Àgbà tẹ̀ sí mi létí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. “Ẹṣin, ṣé o ní ọ̀rọ̀ kankan tó o fẹ́ sọ?”

“Rárá, mà.”

“Ẹṣin ò ní ọ̀rọ̀,” ó kígbe. “Ìyàwó, máa rán an lọ.”

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyàwó ará Pakistan kanlẹ̀kùn, ó wá gba abọ́ rẹ̀. Ó rí mi lórí tábìlì nínú kúbùsù, ó rí màmá àgbà tó di ìgbálẹ̀ mú, ó rí bàbá mi tó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ rà mí. Ó ní kò sí wàhálà, ká máa lo abọ́ náà. Ó pẹ́ gan-an ká tó tún rí bíríyánì jẹ.

Ìgbà òtútù wá dé, bó ṣe máa ń dé níbẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀ láàárọ̀, tí inú gbogbo èèyàn á dùn sí, tí wọ́n á gbé àga jáde. Bó bá di ọ̀sán, oòrùn. Senator làágùn nínú kúbùsù méjì títí ó fi ń dán bí ẹni tí wọ́n da epo lé lórí. Lọ́jọ́ kan ó dùbúlẹ̀, ó yí gbiri nínú iyanrìn, kúbùsù fà sẹ́yìn, ó di yẹ̀rì sí i nídìí, ó sì wọ yẹ̀rì náà sáré yí pápá ká, Ọ̀gá Túndé ń sá tẹ̀ lé e nínú bàtà báńkì, ó ń pariwo pé, “Senator! Yalla, ó yá, ẹ jọ̀ọ́!” Abu Saif mú abẹ̀bẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ látẹ́gùn. “Jumaa, òtútù yìí mà pọ̀ o. Ṣé a ò ní kú?”

Bàbá mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Nílé, kò fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà tó wá ku díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rín tán lójú Abu Saif. Wọ́n fá irun Najma, kò dára: ìlà ìlà ló hàn lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Abu Saif ní kò sí òtútù tó lè ṣe ìyẹn, òun fẹ́ fojú ara òun rí iná náà bó bá tàn nírọ̀lẹ́. Gbogbo àwọn olówó ẹṣin ló péjọ. Ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Àgbà ń padà lọ sílé, ó sì ti ní dandan, òun gbọ́dọ̀ lọ dágbére fún àwọn ẹran. Ọwọ́ mi ló dì mú, ó dì í mú gírí. A dúró. Ilẹ̀ ṣú. Àwọn iná ojúlé tàn, iná géètì tàn. Ti Najma ò tàn. Bàbá mi rákò lọ sẹ́yìn àpò koríko, nígbà tó padà jáde, orí wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, eruku bò ó.

Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀. Abu Saif ní, “Jumaa, ta ni mo fi ṣọ́ iná yìí?”

“Èmi ni,” bàbá mi ní.

Mo la ẹnu mi. Mo lè búra pé mo là á. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ìyá Àgbà wo ẹnu náà títí, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, nígbà tó rí i pé kò ní wá, ó ju ọwọ́ mi sílẹ̀.

“Jímọ̀, sọ fún un pé èmi ni mo yọ ọ́.”

“Màmá?”

“Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá. Mo sọ fún yín pé ẹ ò jẹ́ kí ẹran sùn, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo bá yọ ọ́.”

“Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe ṣá?”

“Mo mọ̀. Ẹran sùn. Túmọ̀ ẹ̀ fún un.”

Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀. Abu Saif wo ìyá arúgbó náà láti òkè délẹ̀, ó wo súwẹ́tà, ó wo sọ́ọ̀kì, ó wo gèlè méjèèjì. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun, ẹ̀rín wá tú jáde, ó rẹ́rìn-ín débi pé Najma gbọnrí. Ó ní, “Khalas, ó parí. A jẹ́ pé irun ò parọ́. Jumaa ka irun bó ṣe yẹ, wọ́n kàn ti pa iná lẹ́yìn rẹ̀ ni.” Ó tẹrí ba fún Ìyá Àgbà. “Màmá, ẹ̀yin nìkan ni òtútù tó dé Sharjah lọ́dún yìí.”

Najma ò lọ síbi ìdíje. Wọ́n fi bàbá mi ṣe olórí, ó gbé wa sórí visa rẹ̀, a sì jọ wà níbẹ̀ títí dòní, àmọ́ àwọn olówó ẹṣin fi nǹkan kan lé e: láti ọjọ́ náà, olórí kò gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí iná tàn lójú rẹ̀, kí ó sì kú lójú rẹ̀, kí ó tó wá ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sílé. Ní pápákọ̀ òfuurufú, Ìyá Àgbà fà mí létí, kò fà á jù. “Mo bá ẹ gbé ẹ̀bi náà rìn díẹ̀ ni o, mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹ. Sọ fún bàbá ẹ.” Mo ní, “Lọ́la, mà.”

Mo ti di géńdé báyìí. Mi ò kàwé jìnnà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń di ẹrù ní Deira ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kúbùsù kejì Senator ni mo sì ń tẹ́ sùn. Láìpẹ́ yìí mo pe Ìyá Àgbà lórí fóònù, mo fẹ́ dúpẹ́, mo sì fẹ́ gba ẹ̀bi mi padà. Ó ní, “Ìwọ kẹ̀? Èmi ni mo pa iná yẹn. Gbogbo àdúgbò ibí ló mọ̀. Mo pa iná, àwọn Lárúbáwá ń bẹ̀ mí. Má gba ìtàn mi lọ́wọ́ mi o.” Mo ṣàlàyé, ó ní kí n fún bàbá mi ní fóònù, pé orí mi ò pé. Gbèsè tí mo jẹ Ìyá Àgbà, ó ní òun ò gbà á.

Ó ku bàbá mi. Lálaalẹ́ ló ṣì ń dúró ti iná yẹn, àwọn tó kù á ti jẹun tán kó tó dé, abọ́ rẹ̀ á wà lórí tábìlì, ìdérí lórí rẹ̀, oúnjẹ á ti tutù. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀ lòun fẹ́ ẹ. Èmi ni mo ń gbé e gbóná fún un báyìí, mo sì ń jókòó tì í. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá ti jẹun dé àárín, á dá ṣíbí dúró, kò ní wò mí, abọ́ rẹ̀ ni yóò máa wò. Á ní, “Ohun tí kò tíì yé mi ni bí Màmá ṣe dé ẹ̀yìn àpò yẹn. Mo rákò kí n tó dé ibẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún tiwọn yẹn.” Ṣíbí á ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo máa ń ní, “Ẹ jẹ́ kí n bu ọbẹ̀ sí i, sà.”

Mo sì ń bu ọbẹ̀.